Àwo orin àkọ́kọ́ tí Aṣa ṣe ní ọdún 2007: ta ni ó gbọ́ ọ tán nínú wa?

Olùkọ́ Èdè

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, iná kò sí ní àdúgbò wa, bátìrì fóònù mi sì kù díẹ̀, ni mo bá fi etí sí àwo orin àkọ́kọ́ tí Bùkọ́lá Elemide, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Aṣa, gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Mo ti gbọ́ àwọn orin inú rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ láìmọye ìgbà, lórí rédíò, nínú ọkọ̀, níbi ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n n kò tíì jókòó gbọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tò wọ́n, láìfo ọ̀kankan. Nígbà tí ó parí, ojú tì mí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré létí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1982. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé e padà wá sí Nàìjíríà, Èkó ni ó sì ti dàgbà, láàárín àwọn àwo tí bàbá rẹ̀ kó jọ, tí Fẹlá wà níbẹ̀, tí Bob Marley àti Marvin Gaye wà níbẹ̀, tí Sunny Adé àti Ebenezer Obey náà kò sì gbẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ agborinjáde kan tí wọ́n ń pè ní Naïve, ní ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé àwo yìí jáde. Ní ọdún 2008, wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Prix Constantin dá a lọ́lá ní Paris, ariwo sì ta dé ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kì í ṣe bóyá àwo náà dára. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ó dà bí ẹni pé ìdajì-ìdajì ni gbogbo àwọn tí wọ́n yìn ín gbọ́. Àwọn alárìíwísí òkèèrè gbọ́ «Jailer» àti «Fire on the Mountain», wọ́n ní ọmọbìnrin yìí ní ìmọ̀ràn fún aráyé. Nígbà tí wọ́n bá dé orí «Bibanke» tàbí «Eye Adaba», wọ́n á ní ohùn rẹ̀ dùn, wọ́n á sì kọjá lọ, bí ẹni pé èdè tó fi kọ ọ́ jẹ́ ọ̀ṣọ́ ara aṣọ lásán. Àwa tí a gbọ́ èdè náà wá ṣe ìdàkejì rẹ̀. A mú àdàbà, a mú ẹkún, a mú orin kan tí ọmọdé lè fi ṣeré, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òyìnbó. Ta ni ó wá gbọ́ àwo náà tán?

Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó fi ṣí i, orin ìyìn fún ìyá ni ó sì fi pa á dé. Ẹni tó bá lọ láti ibi ẹ̀wọ̀n dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò kan, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? N kò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò yẹn rí. Ẹ bá mi dá sí i.

Onígìtá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá Olùkọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni gìtá, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń bí mi nínú nípa bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń ṣàpèjúwe àwo yìí. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ pé orin náà «rọrùn». Bí ó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, kí ẹni kan nínú wọn gbé gìtá kó sì ṣe irú rẹ̀.

Ẹ rántí bí orin ṣe rí ní Èkó ní àkókò náà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń lù ú, kọ̀ǹpútà ni ó ń fun fèrè, ohùn akọrin a sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹni tó há sínú dáńfó ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Nínú ìyẹn ni ọmọbìnrin kan ti gbé gìtá dání, tó fi awò sójú, tí kò jó, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó jó. Ilé-ẹ̀kọ́ orin Peter King ní agbègbè Badagry ni ó ti lọ kọ́ gìtá náà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ Peter King, àgbà afunfèrè nnì, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ìjáfara.

Ẹni kejì tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ ni Cobhams Asuquo, ẹni tó ṣe àgbékalẹ̀ orin náà. Kò tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà tí iṣẹ́ yẹn jáde. Kò fojú ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àwọn ènìyàn a sì máa fi ìyẹn ṣe ìtàn àgbọ́sunkún, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni ohun tí ó FI SÍLẸ̀. Ẹ gbọ́ «Bibanke» pẹ̀lú gbohùngbohùn tí a ń dì mọ́ etí. Àyè wà nínú orin náà. Ohùn-èlò kan yóò wọlé, yóò sọ tirẹ̀, yóò sì yẹra, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe níwájú àgbà. Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti da ìlù sí ni ó ti dákẹ́. Ó ṣòro púpọ̀ láti dákẹ́ nínú orin, pàápàá fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá bíi tirẹ̀.

Ní tèmi o, ìdí nìyí tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá fi lè gbọ́ orin náà débi tí wọ́n gbọ́ ọ dé. Àyè tí ó ṣí sílẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, ọ̀gá. Ìdajì ni, ṣùgbọ́n ìdajì tí wọ́n fi òógùn ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: láti ọdún 2008 ni àwọn ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi pé kí n kọ́ àwọn ní gìtá. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọkùnrin nìkan ni ó máa ń wá.

Ará Paris

Mo kí gbogbo ilé. Ilẹ̀ Faransé ni mo ti ń kọ èyí, ibẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí àwo yìí jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sí ohun tí mo fojú rí.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún Prix Constantin, nítorí mo rí i pé àwọn ará ilé máa ń rò pé àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn aláwọ̀ dúdú tàbí àwọn olórin ilẹ̀ Áfíríkà ni. Rárá o. Ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní ìrántí Philippe Constantin, ọ̀gbẹ́ni kan tó lókìkí nínú iṣẹ́ orin ní Paris, tó kú ní ọdún 1996. Olórin tuntun ni wọ́n máa ń wá fún un nígbà náà, irú orin yòówù kó máa kọ. Camille gbà á ní ọdún 2005, Abd al Malik ní 2006, Daphné ní 2007, kí ó tó kan Aṣa. Àwọn mẹ́ta yẹn, èdè Faransé ni wọ́n ń lò jù. Aṣa wá dé pẹ̀lú àwo tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ó sì gbà á. Ẹni tí kò bá gbé ibí lè má mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó. Àwọn Faransé kì í fi ọ̀rọ̀ èdè wọn ṣeré. Òfin pàápàá wà tó sọ iye orin èdè Faransé tí rédíò gbọ́dọ̀ máa gbé sáfẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì rẹ̀, nítorí ó ti ọ̀rọ̀ Olùkọ́ lẹ́yìn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra tèmi, orí pẹpẹ tí wọ́n ń pè ní ti orin àgbáyé ni wọ́n tò ó sí, níbi tí àwọn olórin Mali àti Senegal wà. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tajà pé kí ló dé tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn olórin ọkàn (soul) tàbí àwọn onígìtá. Ó ní nítorí orúkọ rẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo bá tèmi lọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn àmì-ẹ̀yẹ, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tó ń tà wàràwàrà sí. Bí orin náà ṣe wà ni ó wà. Ibi tí wọ́n gbé e sí nìkan ni ó yí padà.

Ní ti orúkọ, ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Lára àwo náà, Aṣa ni wọ́n kọ, àmì sì wà lábẹ́ ṣ, ṣùgbọ́n kò sí àmì ohùn. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ẹyẹ àṣá ni òun ń jẹ́. Ẹni tó bá kà á láìmọ̀ lè pè é ní àṣà, tí í ṣe ìṣe àwọn baba wa, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníròyìn kan nílẹ̀ yìí ṣe hùwà sí i: wọ́n ń wá «àṣà» lára rẹ̀ nígbà tí àṣá ti fò lọ. Ẹ tún wá wò ó pé àṣá ni ó ń kọrin nípa àdàbà. Ẹyẹ tó ń jẹ ẹyẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bẹ ẹyẹ àlàáfíà pé kó wá bà lé òun! N kò rí alárìíwísí Faransé kan tó rí ìyẹn, n kò sì bá wọn wí.

Àgbà Olùgbọ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò ní lè bá yín jó ijó yìí délé. Ẹ fori jì mí. Mo ti pé ẹni 68 ọdún, mo sì ti ń ra àwo orin láti ìgbà tí wọ́n ṣì fi ń yí lórí giramafóònù.

Èmi rò pé wọ́n yin àwo náà jù, àti pé ẹ̀rù ni ó ba àwọn tí ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ni, ó ṣe dáadáa lájò, ta ni yóò wá jẹ́ ẹni tí yóò bu omi sí iyọ̀? Ẹ gbé orin Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ wò. «Fire on the Mountain»: iná ń jó lórí òkè, kò sí ẹni tó ń sá. Iná wo? Òkè wo? Ta ni ó dá a? Nígbà tí Fẹlá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń dárúkọ. Ó dárúkọ Ọbásanjọ́, ó dárúkọ Abíọ́lá, wọ́n nà án, wọ́n jó ilé rẹ̀, ó tún dárúkọ wọn. Obey kò bá ìjọba jà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pa òwe, ẹni tí a ń pa á mọ́ yóò mọ ara rẹ̀. Nínú «Peace» àti «Jailer», mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó dára, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bínú sí. Orin ìkìlọ̀ tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, kí ló ń kìlọ̀?

Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí ó fi tètè wọ àwọn ará Yúróòpù létí. Wọ́n lè gbọ́ ọ nínú yàrá wọn pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, kó máa dùn mọ́ wọn pé àwọn ń gbọ́ ohùn Áfíríkà tí ń sunkún, láìsí pé ó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó bá kọrin Yorùbá, ìtàn mìíràn ni. Níbẹ̀, mo fi fìlà mi sílẹ̀ fún un. Ohùn kan wà nínú «Eye Adaba» tó rán mi létí bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń jí wa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí yóò máa kí ojúmọ́ bí ẹni ń kí àlejò. Ṣùgbọ́n àwo orin kì í ṣe orin kan.

Olùkọ́, ẹ ní ó rìn láti ẹ̀wọ̀n dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ agborinjáde ni ó ní kí wọ́n fi èyí tó le síwájú, kí wọ́n sì fi èyí tó dẹ̀ kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń to ọjà ni.

Olùkọ́ Èdè

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti fún mi ní ohun tí n óò fi sùn lónìí.

N óò gbà pẹ̀lú yín lórí «Peace», èyí tí mo rò pé ó jẹ́ orin tó rọ̀ jù nínú àwo náà. Ṣùgbọ́n n kò gbà lórí «Jailer». Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà kò bẹ ẹ̀ṣọ́ pé kó tú òun sílẹ̀. Ó ń sọ fún un pé òun náà wà nínú ìdè: ẹni tó jókòó ti ẹlẹ́wọ̀n, tí kò gbọdọ̀ dìde, ta ni ó ń ṣọ́ ta? Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọ̀gá tó ní ọmọ-ọ̀dọ̀, gbogbo ọkọ tó ń ti ìyàwó mọ́lé, gbogbo ìjọba. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀, àwọn yòókù á sá àsálà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé Obey máa ń pa òwe tí ẹni tí a pa á mọ́ á mọ ara rẹ̀. Irú èyí náà kọ́ nìyí?

Ọmọ Ẹ̀yìn Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n bí mi, nítorí náà ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí orin yìí gba ìgboro.

Bàbá Àgbà béèrè pé iná wo, òkè wo. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwa ọmọdé ni a kọ́kọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní pápá iléèwé wa, ní àkókò ìsinmi, eré kan wà tí gbogbo wa ń ṣe: a ó máa yí po, ẹnì kan á kígbe pé iná ń jó lórí òkè, gbogbo wa á dáhùn pé kí a sá, kí a sá, kí a sá. Nígbà tó bá wá pe iye kan, a ó yára dì mọ́ra wa ní iye yẹn, ẹni tí kò bá rí ẹni dì mọ́ ti jáde nínú eré nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin Aṣa nínú ọkọ̀ bàbá mi, inú mi dùn, mo rò pé orin eré wa ni. Mo wá ń dúró kí ó dé ibi tí wọ́n ti máa ń sá. Kò dé ibẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń sá.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ ọdún bíi méje ni mí, n kò mọ ohunkóhun nípa ìjọba tàbí ogun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá pariwo iná tí àwọn ènìyàn kò sá, nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú eré náà. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn kò sá. Ó ní kí n dákẹ́, pé òun ń gbọ́ ìròyìn ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, èmi kò rò pé ó yẹ kí ó dárúkọ ẹni tó dá iná. Lára wa, tí a gbọ́ iná tí a kò sá, ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Akọrin Ìjọ

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí wọ̀ mí lára. Ọlọ́run yóò máa ràn ọ́ lọ́wọ́, ọmọ mi.

Èmi fẹ́ mú wa padà sí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ láti ọmọdé, gbogbo ẹni tó bá sì ti kọ orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ ìyà tí ó máa ń jẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú rẹ̀. Ohùn orin á lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà sí ọ̀rọ̀ mìíràn, ìjọ á sì máa kọ ohun tí kò nítumọ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Olóògbé Ekundayo Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà ti Marina ní Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, fi ayé rẹ̀ jà fún èyí. Ó tilẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, tí ó fi ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ àti ohùn orin gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Ẹ wá fi òṣùwọ̀n Phillips wọn «Eye Adaba». Ọ̀rọ̀ náà, àdàbà, ìsàlẹ̀ ni ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Olórin tí kò bá ṣọ́ra yóò fà á sókè ní ìparí kó lè dùn, yóò sì sọ ẹyẹ di ohun tí kò sí láyé. Ní etí mi, Aṣa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹyẹ náà sọ̀kalẹ̀ bí a ṣe ń pè é, ó sì wá àdùn rẹ̀ síbòmíràn, nínú bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn àti bí ó ṣe ń tún un sọ. Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó ti rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ibìkan wà nínú àwo náà tí gìtá ti borí ọ̀rọ̀, tí mo ní láti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ohun tó wí. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti ṣe é dáadáa, kò sí ìyàtọ̀ láàárín kí ó sọ̀rọ̀ àti kí ó kọrin.

Irú nǹkan báyìí ni alárìíwísí tó gbọ́ èdè ì bá ti kọ sílẹ̀ ní ọdún 2007, tí a kò kọ. Àwọn ìwé ìròyìn wa kọ nípa irun rẹ̀. Wọ́n kọ nípa awò ojú rẹ̀. Wọ́n béèrè ìgbà tí yóò lọ́kọ. Ará Paris bá àwọn Faransé wí níwọ̀nba, ṣùgbọ́n àwọn Faransé kò gbọ́ Yorùbá. Àwa ńkọ́?

Ará Paris

Ìyá Akọrin, ẹ ṣeun gan-an. Nítorí ẹ ti dárúkọ irun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Tracy Chapman, akọrin ará Amẹ́ríkà nnì, kí a lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àpilẹ̀kọ tí mo kà níhìn-ín nígbà náà tí kò fi Aṣa wé e. Mo mọ àwo àkọ́kọ́ Chapman dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó mú un wálé. Oṣù kẹrin ọdún 1988 ni ó jáde, ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Chapman sì kọrin ní Wembley níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí 70 ọdún Mandela, tí gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, tí «Fast Car» sì gbòde kan. Ó gba Grammy mẹ́ta ní ọdún tó tẹ̀lé e. Obìnrin dúdú, gìtá, irun dídì: ó tán. Wọ́n fi irun wé irun.

Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ wé iṣẹ́ ni, wọn ì bá rí i pé ọ̀nà wọn yàtọ̀. Nínú «Fast Car», Chapman ń sọ ìtàn: ọmọbìnrin kan, bàbá tó ń mutí, iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀. O lè fi ọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Aṣa kì í sọ ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú àwo yìí. Ó máa ń fi nǹkan kan lélẹ̀, ẹ̀wọ̀n, iná, ẹyẹ, yóò sì máa yí i ká. Ìyẹn ni ó fà á tí Bàbá Àgbà fi ń béèrè iná wo, ìyẹn náà ni ó sì fà á tí ọmọ ọdún méje fi lè bẹ̀rù. Nígbà tí àwo kejì jáde ní ọdún 2010, tí ó tàn, tí ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan níhìn-ín ní ó ti sọnù. Ojú tí wọ́n fi wo àkọ́kọ́ ni wọ́n fi wo èkejì, wọ́n ń wá ọmọbìnrin oníbànújẹ́ tí wọ́n ti gbé sórí pẹpẹ.

Onígìtá

Ìyẹn gan-an! Mo sì fẹ́ bi Bàbá Àgbà léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ ti gbọ́ ọ tán bí, àbí ẹyọ-ẹyọ lẹ gbọ́ ọ bíi tiwa?

Àgbà Olùgbọ́

Ìbéèrè Onígìtá ká mi mọ́. Ẹyọ-ẹyọ ni. Síídì tí ọmọ mi rà fún mi ní Ojúẹlẹ́gbà ní ọdún 2008, ẹ̀dà tí wọ́n jí ṣe ni, orin méje péré ni ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi orin ẹlòmíràn dí àyè tó kù. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé mo mọ àwo náà. «So Beautiful», orin ìyá tó kẹ́yìn àwo náà, kò sí lórí tèmi rárá.

Ọmọ ọmọ mi bá mi fi í sórí fóònù lánàá, mo sì gbọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀ ní ìjókòó kan. N kò tíì yí èrò mi padà lórí «Peace», n kò sì ní yí i. «Jailer» ti dára sí i ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Olùkọ́ jàre níbẹ̀, mo gbà. Ní ti ọmọ tó ń dúró de ibi tí wọ́n ti ń sá, n kò rí èsì fún un. Mo gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ó kan orin ìkẹyìn, ọmọ náà ní, «Bàbá, ṣé kí n pa á?» Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ ná.